Ẹ̀rí Tí Títílọpẹ́ Jẹ́ Lórí Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́.

1.
Magboro ni Títílọpẹ́ ń gbé, aṣọ ló ń rán. Dáníẹ́lì ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló máa ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Jésùlayọ̀mi, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọmọ yìí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ rán an ní iyọ̀, á dúró sójú ọ̀nà máa lé aláǹgbá. Súwẹ́tà mẹ́ta ló sọ nù ní sáà kan ṣoṣo. Tó bá ṣí ìwé, lẹ́tà á dàrú mọ́ ọn lójú. Àwọn ará àdúgbò ní olóríkunkun ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá á fa ọmọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá ku Títílọpẹ́ àti ọmọ rẹ̀ nìkan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Tíṣà ọmọ náà ló ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní ADHD ni, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè jókòó tàbí fọkàn sí nǹkan kan, àti pé ìwé kíkà ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

"Màmá, ọmọ yín kì í ṣe aláìgbọràn. Bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò ní lọ bí ibà ṣe máa ń lọ, ṣùgbọ́n tí a bá jọ ń tọ́jú ẹ̀, á ṣe dáadáa."

Ó kọ oògùn fún un, ó sì ní kí wọ́n máa padà wá lóṣooṣù. Títílọpẹ́ bú sẹ́kún. Obìnrin ará Ìbàfo kan tó jókòó tì í na aṣọ ìnujú sí i.

"Ẹ má sunkún mọ́, àǹtí mi. Lateefah tèmi náà nìyí. Èmi náà sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Àwọn ọmọ wọn di ọ̀rẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, Ìyá Lateefah nìkan lẹni tí Títílọpẹ́ lè bá sọ̀rọ̀ láyé yìí.

2.
Oṣù kẹrin pé. Jésùlayọ̀mi jókòó jẹun tán lójú kan. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ láìṣì í kọ. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó ní òun máa jẹ́rìí lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Dáníẹ́lì kìlọ̀ fún un. "Dúpẹ́ pé ara ẹ̀ ń balẹ̀. Má sọ pé ó ti tán o."

Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ pé, Títílọpẹ́ gba máìkì. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ tán, ló bá là á mọ́lẹ̀: "Ọmọ mi ti gba ìwòsàn pátápátá! A ò lo oògùn kankan mọ́!"

Ìjọ hó yèè. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an! Àwọn ìyá tó ti ń sá fún Títílọpẹ́ wá ń dì mọ́ ọn. Ẹ má tíì bú u o. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dá jókòó ló mọ bí ìdìmọ́ra yẹn ṣe dùn tó.

3.
Kí irọ́ náà lè di òótọ́, ó da oògùn sínú ìdọ̀tí. Kò padà sí ilé ìwòsàn mọ́. Ìyá Lateefah pè é.

"Àǹtí mi, a ò rí yín o. Ṣé kò sí?"

"Ara ọmọ mi ti yá. Ẹ má pè mí mọ́."

Ó bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà obìnrin náà, torí ẹ̀rù ń bà á kó má lọ tú àṣírí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo rẹ̀ fi padà. Ọmọ sọ bàtà nù, ẹgba. Ó da ọbẹ̀ nù, ẹgba.

"Ṣé o fẹ́ sọ mí di onírọ́ lójú ìjọ ni?"

"Mọ́mì, mò ń gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oògùn mi."

"Oògùn wo? Ṣebí wọ́n ti wò ẹ́ sàn!"

Nígbà tó yá, ó ń ti ọmọ mọ́lé lọ́jọ́ Sunday, á wá sọ fún ìjọ pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

4.
Ní Sunday kẹta, Jésùlayọ̀mi bẹ́ láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Apá rẹ̀ kán. Ọlọ́kadà kan ló rí i lẹ́bàá màrosẹ̀, tó ń fi ọwọ́ kan gbé èkejì dání, tó ń rìn lọ.

"Ọmọ, níbo lò ń lọ?"

"Ilé Lateefah. Wọ́n ní oògùn níbẹ̀."

Nígbà tí Dáníẹ́lì gbọ́, kò pariwo. Ó kó ọmọ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ l'Ówódé Ẹ̀gbá. Ìyá àgbà ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí.

Ìyàwó pásítọ̀ wá kí Títílọpẹ́. "Ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ yìí."



5.
Ilé wá pa lọ́lọ́. Títílọpẹ́ pe Ìyá Lateefah títí, kò gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní aago mẹ́rin, ó pe Owódé. Ó gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń sọ pé, "Wá gbà á, màmá ẹ ni." Ó gbọ́ ohùn kékeré náà kedere.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ń sùn."

Ìyá àgbà gbé fóònù padà sétí. "Ìyàwó mi, ó ń sùn."

"Ẹ ṣé, mà."

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbàdúrà, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn ọmọ dúró láìbi dókítà. Ẹ má lé ẹni tó mọ ìṣòro yín lọ. Tí ẹ bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ padà lọ tún un sọ, kí ọmọ má baà jìyà ẹ̀. Ìtìjú yẹn á kọjá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Títílọpẹ́ kò mọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa gbà láti bá a sọ̀rọ̀.