Olórin Àgádẹ́sì Pe Ọmọ Kẹ́mta

Kò sí àwo orin tuntun tí Ràhámátù kì í gbọ́. Bí obìnrin kan bá gbé àwo jáde ní erékùṣù àárín òkun, tàbí darandaran kan kọrin láti ọ̀nà ọ̀fun lórí òkè olótùútù, tí orin náà bá ti dé orí ayélujára, fóònù Ràhámátù ni yóò sùn sí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Alábàtà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ wọn, orin wọ̀nyí ló sì ń dá a lára yá níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Bùsírátù, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ nìkan lo máa ń jó sí orin tí o ò gbédè rẹ̀. Tí wọ́n bá ń bú ọ ńkọ́?"

Sàlàhúdíìnì ni àkọ́bí Bùsírátù. Ó ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Aládìrẹ ni ìyá náà, nílé wọn ní Kẹ́mta, nígbà tí ọmọ sì ń lọ, ó ṣe aṣọ ìbora kan fún un. Ó fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí àárín aṣọ kó tó rì í sínú aró: Sàlàhúdíìnì Àkànní Ọmọ Kẹ́mta. Ó ní ibi yòówù tó bá dé, kí wọ́n mọ̀ pé ó nílé. Láti ìgbà náà, wọn kò gbúròó rẹ̀. Àánú ìyá yìí a máa ṣe Ràhámátù débi pé kì í fẹ́ wo ojú rẹ̀ bí fóònù bá dún.

Ìgbà ọyẹ́ ni àwo kan dé láti Àgádẹ́sì, ní orílẹ̀-èdè Niger. Obìnrin kan ló ń kọ ọ́, kò sì lu ìlù sí i. Àwòrán tó wà lára àwo náà, òkúta ni, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sórí iyanrìn. Nínú orin tó kẹ́yìn, obìnrin náà ń pe orúkọ ènìyàn, orúkọ ará Gánà, orúkọ ará Gáńbíà, orúkọ Ìbò, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan náà sì ń tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ràhámátù ń to ìwé oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ: Sàlàhúdíìnì Àkànní Ọmọ Kẹ́mta. Ahọ́n obìnrin náà kọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fo nǹkan kan. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Ràhámátù.

Nígbà tí Bùsírátù gbọ́ orin náà, ó forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ọmọ mi ti là!" Kó tó lọ́kọ, ó ti gbè lẹ́yìn olórin wákà rí, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní ìṣe olórin. "Ẹ̀yin ò mọ̀ ni. Olórin kì í dédé pe ènìyàn. Ẹni tó bá náwó fún wa là ń pè sínú àwo."

"Màámi, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná," ni Ràhámátù wí. "Kò dà bí ẹni tó ń ki olówó. Sàlá lásán sì ni àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá ń pè wọ́n. Ta ló sọ ti Àkànní fún un?"

"Ẹni tó bá ti lówó máa ń fẹ́ kí wọ́n pe òun tán."

Àmínù, àbíkẹ́yìn, gba fóònù, ó wo àwòrán òkúta náà. Iṣẹ́ wíńdò ló ń ṣe ní Adigbe, iṣẹ́ náà sì ti dẹnu kọlẹ̀.

"Ìpìlẹ̀ ilé rèé," ni ó wí. "Bọ̀ọ̀dá mi ti ń kọ́lé."

Haúsá kan tó ń tún aago ṣe ní Sábó gbọ́ orin náà títí, ó ní èdè òun kọ́. Ràhámátù wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó gba orin náà sílẹ̀. Ó bi í pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé àwọn orúkọ, àti pé níbo ni olórin ti pàdé ẹ̀gbọ́n òun. Kò rí èsì. Kó tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti di ti ìrìn àjò nílé: Àmínù yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó dúró kí èsì dé," ni Ràhámátù bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà tó fi là nìyẹn. Má dí àbúrò rẹ lọ́nà oore."

Bùsírátù tún po ẹ̀kọ láfún. Ó ṣe aṣọ mìíràn, ó sì kọ tirẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: Àmínù Àyìndé Ọmọ Kẹ́mta. Nígbà tí aṣọ gbẹ, ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ léjìká, ó tẹ́ ẹ dáadáa kí orúkọ lè hàn.

"Jẹ́ kí olórin náà rí i," ni ó wí, "kó lè pe ìwọ náà."

Àmínù pè wọ́n láti Àgádẹ́sì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní olórin náà kò sí nígboro, wọ́n ní inú aṣálẹ̀ ló máa ń wà, lẹ́bàá ọ̀nà Líbíà, ọkọ̀ tí àwọn fẹ́ gùn yóò sì gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní oòrùn mú, ṣùgbọ́n òun ti da aṣọ Màámi borí. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Bùsírátù ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú aṣálẹ̀ ni. Ó ń re aṣọ láró sílẹ̀ de àwọn tí yóò wá bá a yọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ràhámátù wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ohùn ọkùnrin tó gba orin sílẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú pé ó pẹ́, 'mo ti sin ín' ni ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé orúkọ wọ̀nyẹn, màmá tó kọ orin náà ló ń sin àwọn tó bá bá ní òkú nínú iyanrìn, lára aṣọ aláró tó fi di òkú ẹ̀gbọ́n yín ló sì ti ka orúkọ rẹ̀, ó tún ti rí aṣọ mìíràn irú rẹ̀ báyìí, ó ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ Àmínù Àyìndé."