Ta Ló Ni Àgbà Béèsì l'Ádó?

Lọ́dún 1998, àwọn méjì ló ń ta gìtá béèsì ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ókè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì. Akínbọ́lá ló ni ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àga máa ń ṣẹ́kù. Ayọ̀kúnlé ló ni Sátidé, nígbà tí àga kì í tó. Akínbọ́lá dàgbà ju Ayọ̀kúnlé lọ, ó mọ orin jù ú lọ, kì í sì í pa Máàsì jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè èyíkéyìí nínú wọn. Gìtá Ayọ̀kúnlé ni gbogbo ayé ń béèrè.

Ayọ̀kúnlé ní ọdún 1961 ni wọ́n ṣe é l'Ámẹ́ríkà. Bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn dá lórí iye ìgò tó wà níwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ atukọ̀ ojú omi ló fún un. Nígbà mìíràn, fádà òyìnbó kan ló gbàdúrà sí i kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Àdùnní, tó ń bá àwọn méjèèjì kọrin, a máa fi gèlè rẹ̀ nu gìtá náà ní Sátidé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa ń gbé ìgò míníra lé àyà gìtá Akínbọ́lá.

"Àdùnní, gìtá nìyẹn o, kì í ṣe tábìlì."

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá Akin. Mi ò tiẹ̀ rí i ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akínbọ́lá dé egungun, ibẹ̀ ló sì ń gbé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan ti Èkó dé sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ní Bámgbóyè lorúkọ òun. Ó béèrè omi tútù, ó ní òun gbọ́ pé béèsì ọdún 1961 kan wà nílùú yìí, òun sì fẹ́ rí i, òun fẹ́ rí ẹni tó ni ín.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" ni Àdùnní wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i ná."

Kó tó mu omi tán, ìròyìn ti dé àdúgbò Fájuyì pé àwọn òyìnbó rán ènìyàn wá gbé àgbà béèsì Adó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọn yóò sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára ògiri.

Akínbọ́lá jókòó pẹ̀lú àwọn tó sáré wá sí òtẹ́ẹ̀lì, ó ń retí kí Ayọ̀kúnlé wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Ilẹ̀ ni Ayọ̀kúnlé ń wò.

"Tèmi kọ́ o," ló wí. "Ẹnu olórin lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Ọmọ àná ni tèmi. Bí àgbà béèsì kan bá wà nílùú yìí, ti Bọ̀ọ̀dá Akin ni."

Ojú gbogbo yí sí Akínbọ́lá. Ó ti pẹ́ tí ojú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti wò ó láìṣe pé ó ṣi orin ta.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló dáhùn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọ ọdún tí wọ́n ṣe gìtá òun. Gìtá tòkunbọ̀ ló rà n'Íbàdàn, láàárín fáànù tó bàjẹ́ àti bàtà àlòkù, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti dolóògbé.

"Ọ̀dà ara gìtá ṣeé pa rẹ́," ni Bámgbóyè wí. "Irin tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ṣeé tú, kí wọ́n so ó mọ́ òmíràn. Àmọ́ àwọn tó ṣe é máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí abẹ́ ọrùn rẹ̀, níbi tó ti wọ ara gìtá. Ẹ gbé méjèèjì wá lọ́la. A ó tú wọn lójú gbogbo ènìyàn."

Ayọ̀kúnlé bá Akínbọ́lá délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òun ló mú sikurudiráfà wá. Nígbà tí ọrùn gìtá jáde, 7-74 ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Itọ́ lásán á pa ìyẹn rẹ́," ni Ayọ̀kúnlé wí, bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà. "Oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú ọdún. Ẹ kọ 3-61."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù kẹta?"

"Oṣù kan ṣáà ni yóò jẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ náà ńkọ́? O ò jowú?"

"Àgbà ló yẹ kó ni àgbà nǹkan."

Akínbọ́lá gbà pé ìtìjú ló mú Ayọ̀kúnlé: ó ti pa irọ́ títí, ẹ̀rù wá ń bà á kí wọ́n má tú u. Àánú rẹ̀ ṣe é, kò pọ̀. Ó tọ́ ìka lá, ó pa 7-74 rẹ́, ó kọ 3-61.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àga kò tó. Bámgbóyè kọ́kọ́ tú ti Ayọ̀kúnlé. Abẹ́ ọrùn rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fi Ayọ̀kúnlé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Akínbọ́lá ló sì ròkè jù. Àdùnní tú gèlè, ó fi nu gìtá Akínbọ́lá kó tó gbé e fún àlejò.

Bámgbóyè tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Oṣù kẹta, ọdún 1961," ló kà. "Oṣù kẹta gan-an." Ó gbójú sókè. "Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Bó ṣe dá mi lójú pé èmi ni mo ni imú mi."

"Níbo lẹ ti rí i?"

Akínbọ́lá rántí fáànù tó bàjẹ́ àti bàtà àlòkù. Ó wo Àdùnní, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọlọ́lá kan l'Ékòó ni mo ti gbé e jáde."

Ayọ̀kúnlé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bámgbóyè so ọrùn gìtá náà padà jẹ́jẹ́, ó gbé e há abíyá, ó yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lápò, ó sì sọ fún àwọn èrò pé ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lòun, àti pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá olè tó de baba arúgbó kan mọ́ àga nínú ilé rẹ̀ l'Ékòó, tó sì gbé béèsì rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1961, sá lọ.