Fọ́tò Tí Màmá Fẹ́ Gbé Kọ́ Ògiri

Nílé àwọn àna rẹ̀, Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Ládùúgbò tirẹ̀, obìnrin tó ń fi fóònù ya fọ́tò ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní iná ńlá. Fóònù kan ló ní àti àkísà funfun tó fi ń nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà kì í rí bí ère. Bó bá ya aránṣọ, ọwọ́ aránṣọ á wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ya tíṣà, díẹ̀ ló kù kéèyàn gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tí Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ránṣẹ́ sí i pé kó wá ya fọ́tò kan tí òun fẹ́ gbé kọ́ ògiri pálọ̀, tayọ̀tayọ̀ ló fi lọ. Ibi tó ti wọlé ni ayọ̀ náà ti tán. Fọ́tò ìgbéyàwó òun àti ọkọ rẹ̀ kò sí lára ògiri mọ́. Òótọ́ ni pé fọ́tò náà kò dára. Ìyàwó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, ó sì dijú, torí fọ́tò ẹlòmíì ló mọ̀ ọ́n yà. Síbẹ̀, àárín àwọn ọmọ ilé ni wọ́n gbé e kọ́ sí látọjọ́ yìí. Ní báyìí, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, àwọn ọmọ ilé yòókù sì ń rẹ́rìn-ín lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Kò bèèrè ohun tí òun ṣe. Ó nu ojú kámẹ́rà, ó sì pinnu pé bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ òun lára ògiri, iṣẹ́ ọwọ́ òun á wà níbẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rí àbùkù kankan lára rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbí, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí yín lójú."

Màmá jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó wà níwájú adájọ́.

"Ẹ dẹra, Màmá."

"Mo ti dẹra."

"Ẹ tún dẹra díẹ̀ sí i."

"Tí mo bá tún dẹra, màá ṣubú lórí àga."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Fóònù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ Bàbá àti fóònù. Ọjọ́ tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣèèṣì tàn, abẹ́ ìrọ̀rí ló gbé e sí títí ọmọ rẹ̀ fi dé láti ibi iṣẹ́.

"Ìyàwó," Bàbá ní, "báwo lo ṣe ń ṣe é tí ẹni tó ń rìn kì í fi í rí wúruwùru?"

Ìyàwó lọ bá a. "Ẹ má ka ení, èjì fún ẹni náà, Bàbá. Ẹ kàn tẹ ibí mọ́lẹ̀, ẹ má yọwọ́. Á máa yà á lọ léraléra, ẹ ó wá ṣa èyí tó dára níbẹ̀. Ohun tó ṣòro ni kí ẹni náà gbàgbé pé wọ́n ń ya òun."

"Kí ni wọ́n á wá ṣe fún un?"

"Wọ́n á fún un níṣẹ́ ni. Tọ́wọ́ bá dí, ojú á túra ká."

"Ó dáa, máa báṣẹ́ ẹ lọ," Bàbá wí, ó sì dorí fóònù náà kodò, ó ń wò ó.

Ìyàwó fún Màmá ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan pé kó gbọ̀n ọ́n, kó sì ká a. Màmá gbé e bí ẹni gbé àsíá ìjọba.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ o, Màmá. Ẹ wò mí." Ìyàwó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó gba aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n.

"Mi ò rí i dáadáa," Màmá ní. "Bọ́ síbi fèrèsé. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.

"Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ lọ sókè? Yíjú sí ìhín."

Ó yíjú.

"Ọkọ ẹ náà kì í lè dẹra nígbà tó wà ní kékeré. Tó bá ti rí kámẹ́rà, á séèémí. Lọ́jọ́ kan ó sé e títí, ló bá ṣubú lu olùkọ́ wọn!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì já bò ó lórí.

"Ó ti tó," Bàbá wí.

Màmá mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì túra ká wẹ́rẹ́. Ìyàwó sáré gbé fóònù, ó sì rí i yà. Màmá wò ó, ó ní, "Ó dáa, èmi nìyẹn." Bàbá ní kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun, pé òun ló máa lọ bá onífírémù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Màmá pè é lórí fóònù. "Bá mi gba fọ́tò yẹn lọ́wọ́ onífírémù bó o bá ń bọ̀. Ìwọ lo máa gbé e kọ́."

Onífírémù gbé e jáde, bébà ṣì wà lára rẹ̀. "Bàbá ní àwọn làwọn ya èyí fúnra àwọn o," ó wí.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò jiyàn. Bàbá ọkọ ẹni ni.

"Wọ́n ní ojú àwọn rí màbo kí ẹni yìí tó túra ká níwájú kámẹ́rà."

"Ojú wọn rí màbo lóòótọ́," Ìyàwó dá a lóhùn. "Èmi náà wà níbẹ̀."

Onífírémù yọ bébà náà kúrò, Ìyàwó sì rí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Màmá, tó ju aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè, tó da orí sẹ́yìn, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni.