Ohun Tí Romuald Kọ Sára Àpótí

Ẹyin mẹ́jọ ló wà nínú àpótí gbígbóná tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé Màdáàmù Clotilde Adéoyè ní Ekpè, ọjọ́ wọn sì ti pé. Àfín ni ìyá wọn, erè funfun tó ní àmì pípọ́n bí àárín ẹyin adìẹ. Bàbá wọn ò yàtọ̀ sí èyí tí àgbẹ̀ máa ń rí lóko, dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀, àfi pé Romuald tó tà á ti kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí rẹ̀ pé: “Akọ. A bí i sílé. Ó gbé àfín nínú ẹ̀jẹ̀.” Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ yẹ kó funfun.

Ojú lásán ò lè rí ohun tí erè gbé nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára àpótí ni olùrà ní, àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé irọ́ ti pọ̀ jù nínú ọjà Kútọnu, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin erè ní kí Màdáàmù bá wọn kọ òfin sílẹ̀, torí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa ohun abẹ̀mí kó tó fẹ̀yìn tì. Òfin náà ò gùn. Ẹni tí ọmọ erè bá já nírọ́, ẹgbẹ́ á yọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a ṣòwò mọ́.

Romuald fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Òun ló máa ń dúró lẹ́yìn tí aago bá ti lù, tó máa ń bi Màdáàmù bí àwọ̀ ṣe lè fara pamọ́ sínú bàbá kó tó yọ lára ọmọ. Màdáàmù fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì fi pamọ́.

Ní ọjọ́ Tuesday ni ẹyin àkọ́kọ́ là. Nígbà tó fi di Thursday, gbogbo wọn ti jáde, kò sí ẹyọ kan tó funfun nínú wọn. Màdáàmù gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sójú fèrèsé, ó yí wọn síwá sẹ́yìn, ó dá wọn padà. Ó dùn ún wọra. Ká ní ẹlòmíì ló ṣe é ni, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ó pe Romuald, ìyẹn sì gun ọ̀kadà zémíjàn láti Godomey wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wo àwọn ọmọ náà pẹ́, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá abo náà ti bá akọ mìíràn gbé rí. Màdáàmù ní ẹni tí òun rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fi akọ kan sí i, àmọ́ ó ti lé lọ́dún kan. Romuald rọra sọ pé òun gbọ́ pé abo erè lè tọ́jú àtọ̀ sínú ara pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé akọ àkọ́kọ́ yẹn lè ni bàbá àwọn ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi akọ tí òun tà sí abo mìíràn, kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Màdáàmù wò ó tìyanu-tìyanu. Gbogbo àwáwí tí ọmọ iléèwé lè wí ló ti gbọ́ rí, kò gbọ́ irú èyí. Ó ní òfin ò sọ̀rọ̀ abo mìíràn, òun lòun sì kọ ọ́.

Ìpàdé bọ́ sí Sunday, nílé Séverin, alága ẹgbẹ́. Màdáàmù ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò bo ohunkóhun. Gbogbo wọn yíjú sí Romuald. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, ó ti dìde, ó wá síwájú Màdáàmù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Màdáàmù, ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Omi lé sójú Màdáàmù. Ó fa ìwé ìpàdé mọ́ra, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Romuald ti jẹ́wọ́.

Séverin tẹ̀ sí etí rẹ̀. “Màdáàmù, ó kàn ń bẹ̀ yín ni o.”

“Kí ló ń bẹ̀ mí fún, bí kò bá ṣe é?”

Séverin ní bóyá kí wọ́n dá a dúró fún ọdún kan péré, Màdáàmù kọ̀ jálẹ̀. Ojú wo lòun fẹ́ fi wo àwọn yòókù bí òun bá dá akẹ́kọ̀ọ́ òun sí? Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí kò fi sí ẹni tó fẹ́ bá Romuald gbé ẹrù jáde ní èbúté tàbí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kò rí owó eku tí yóò máa fi bọ́ àwọn erè rẹ̀ mọ́, ló bá kó ogójì wọn fún àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì, wọ́n sì gé wọn sínú ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀ kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní Romuald ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon, kò sì sí ẹni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Ó káni lára lóòótọ́, àmọ́ Màdáàmù gbà pé ohun tó tọ́ lòun ṣe. Kò fẹ́ rí akọ yẹn sójú mọ́. Ó pa ohun tí Romuald kọ rẹ́, ó kọ tirẹ̀ rọ́pò, “Akọ. A bí i sílé. Erè lásán,” ó sì tà á fún Séverin, tó ní abo àfín kékeré kan tí wọ́n bí sílé rẹ̀, tí kò tíì fojú kan akọ rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Séverin gbé agbọ̀n kan wá sí Ekpè, ó ṣí i síwájú Màdáàmù, ọmọ erè mẹ́fà tí abo rẹ̀ bí fún akọ yẹn ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì funfun báláú.