Ogun Tó Ń Pa Aago Mọ́

Inú yàrá iwájú ilé wọn ní Ìrẹ̀mọ ni Fọláránmi ti ń bójú tó ìkànnì kékeré kan lórí ayélujára, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fi ń wá yàrá ní Ilé-Ifẹ̀. Òun àti Hakeem ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ wọn ò wọ̀ mọ́, Hakeem sì lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Sábó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta àgbò.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, ìkànnì Fọláránmi dákú fún odidi wákàtí kan. Onílé mẹ́ta pè é. Ọ̀kan bi í bóyá ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni. Ojú tì í débi pé kò lè fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́.

"Kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó jọ pé wọ́n ń gbógun ti sáìtì mi ni, mà. Wọ́n á rọ́ wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò fi ní lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́."

Màmá fa ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú yọ nínú báàgì. "Kọ orúkọ sáìtì náà sẹ́yìn èyí fún mi. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ogun ti wá dé gan-an. Aago mẹ́sàn-án lù, ìkànnì ṣubú. Ó dìde. Aago méjìlá lù, ó tún ṣubú. Aago mẹ́ta náà ò jẹ́ kó sinmi. Bí Fọláránmi ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn kan ni àwọn mìíràn ń wọlé. Ní Ọjọ́rú, iléeṣẹ́ tó gba ìkànnì náà sórí ẹ̀rọ wọn kọ̀wé pé bí ogun náà kò bá dẹwọ́ títí ọjọ́ Ẹtì, àwọn á yọ ọ́ dànù.

"Ó ń le sí i ni, mà," ló sọ fún Màmá.

"Má mikàn," ni Màmá fèsì. "A ó fi kún un."

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún mọ bí ìkànnì náà ṣe jẹ́ aláìlágbára tó. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Fọláránmi gba Sábó lọ.

"Hakeem, ṣé bó o ṣe máa ṣe mí nìyí?" ló wí, lójú àwọn tó wá ra àgbò. "O fẹ́ pa iṣẹ́ mi kí tìẹ lè gbilẹ̀."

"Mi ò ṣe é, Fọlá. Wallahi, mi ò ṣe é."

Àlájì, bàbá Hakeem, jáde. Ó gbọ́ ọ títí, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Ó ṣí fìlà lórí. "Ọmọ mi, bá mi foríjì í nítorí Ọlọ́run." Ó yíjú sí Hakeem. "Pa sáìtì tìẹ rẹ́ níbí, kí gbogbo wa rí i."

Hakeem pa á rẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí fóònù, bàbá rẹ̀ sì gba fóònù náà, ó tì í bọ àpò. Fọláránmi ò lè wo orí àgbàlagbà tó wà níhòòhò yẹn. Síbẹ̀, kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Kò tíì dé ilé tí aago mẹ́ta fi lù. Ìkànnì ṣubú, ìṣubú tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà tí fóònù Hakeem ṣì wà lápò Àlájì. Ìtìjú bò ó. Ó fẹ́ yí padà kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yẹn, ṣùgbọ́n kò mọ ojú tí yóò fi wò ó. Ó kọrí sílé.

Màmá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Ìjọ Ẹdúnàbọ̀n náà ti dara pọ̀ mọ́ wa lónìí," ló wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i kó ka iṣẹ́ tí òun ti ń fi ránṣẹ́ láti alẹ́ ọjọ́ Ajé.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí aago mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ta bá ti lù, kí gbogbo wa ṣí sáìtì ọmọ mi yìí lórí fóònù wa, kí á gbọ́wọ́ lé e, kí á sì máa tún un ṣí títí yóò fi pé ìgbà mọ́kànlélógún, kí ọ̀tá má baà rí i gbé ṣe, ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ."