Màríyámọ̀ àti Àwọn Òṣùpá Sátọ̀n

Màríyámọ̀, ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún, tún ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

Fọ́tò Sátọ̀n ló ń wò, pílánẹ́ẹ̀tì olórùka yẹn, àti àwọn òṣùpá rẹ̀ tí ọkọ̀ ojú ọ̀run yà.

Ó ń fi ìka méjì sọ wọ́n di ńlá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mummy, kò sí níbí o."

"Wo òmíràn, ọmọ mi."

"Kò sí níbí náà."

Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, wọn kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n á ní ó lọ sí Èkó.

Kétu la wà. Èkó náà nìyí.

Lọ́jọ́ tó bi mí pé, "Táyé dà?", fọ́tò yìí ló wà lójú fóònù. Mo nawọ́ sí i.

"Mummy, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Bóyá Táyé ò mọ̀ pé wọ́n ń ya fọ́tò."