Ẹni Tó Ní Kí Ẹ̀rọ Nu Ojú Màmá Rúùtù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi AI tún fọ́tò ṣe, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Iṣẹ́ fọ́tò ni Olúyẹmí ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí AI dé, tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa kọ ohun tó bá fẹ́ sí i, tí ẹ̀rọ á sì tún fọ́tò ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì di iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Kò pẹ́ tí ìgbéraga fi wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ohun kan náà ló máa ń kọ fún gbogbo fọ́tò, ì báà ṣe ti ìyàwó, ì báà ṣe ti òkú: kí ẹ̀rọ nu gbogbo àpá ojú kúrò, kí awọ máa dán.

Dárasími, ìyàwó rẹ̀, kìlọ̀ fún un.

“Olówó orí mi, ẹ máa kọ ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kí ẹ tó kọ ohun tó máa tún ṣe. Ẹ̀rọ yìí ò mọ èèyàn kankan. Ohun tí ẹ ò bá sọ fún un, ó máa dá a rò ni.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi fẹ́ ẹ?”

Dárasími bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

2.

Ọláníyì, awakọ̀ tó ń gbé èrò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pàdánù ìyá rẹ̀. Màmá Rúùtù ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ilà àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Òjò tó ṣí òrùlé wọn lọ́jọ́sí ti ba gbogbo fọ́tò wọn jẹ́. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ káàdì ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ.

“Bọ̀dá Olúyẹmí, òun nìkan ló kù lọ́wọ́ mi o,” Ọláníyì wí. “Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Olúyẹmí yà á sínú fóònù, ó sì gbé ife tíì lé káàdì náà lórí tábìlì. Tíì dà sí i, ojú fọ́tò ṣí kúrò. Kò kà á sí, torí pé ó ti wà nínú fóònù. Ó gbé e fún AI, ó sì kọ ohun tó máa ń kọ. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilà àti àpá. Gbogbo àbàjà Màmá Rúùtù ló nù kúrò, ó tún fún un ní imú tẹ́ẹ́rẹ́. Olúyẹmí rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá ti dọmọge. Fóònù rẹ̀ kún, ló bá pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́. Ó tẹ pósítà jáde láì fi han ẹnikẹ́ni, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé olókùú lálẹ́ tí ìsìnkú ku ọ̀la.

3.

Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún olóògbé ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Àlàmú. Ìyá náà kò mọ̀wé, kò sì dé ilé tuntun tí Ọláníyì kó màmá rẹ̀ sí rí. Ohun tí Ọláníyì sọ fún un ni pé, “Tí ẹ bá dé gáréèjì, ẹ gun ọ̀kadà wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé tí ẹ bá ti rí fọ́tò Màámi lára ògiri, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni Ọláníyì rí pósítà.

“Bọ̀dá, ta lẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yìí?”

“Màmá ni. Mo bá yín tún wọn ṣe ni.”

Ọláníyì fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọkọ̀ tó gbé òkú ti dé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀kadà gbé Ìyá Àlàmú kọjá níwájú ilé yẹn. Ní gbogbo ìgbà ni ọlọ́kadà ń bi í pé, “Màmá, ṣé ibí kọ́?”

“Rárá, ọmọ mi. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń sin níbí, Olúwa á tu wọ́n nínú. Ẹ̀gbọ́n mi kọ àbàjà.”

Nígbà tó fi rí ẹni tó mú un délé, wọ́n ti bo sàréè. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìyá arúgbó fi ẹnu ara rẹ̀ bá ilé ara rẹ̀ kẹ́dùn, ó sì kọjá lọ.

4.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Àlàmú àti Ọláníyì wọ ṣọ́ọ̀bù Olúyẹmí. Ìyá náà kò bínú, ó tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́.

“Ọmọ mi, mi ò rí i kó tó wọlẹ̀. Fún mi ní ojú ẹ̀gbọ́n mi kí n máa wò ó.”

Olúyẹmí tú fóònù títí, kò rí nǹkan kan. Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀rọ pé kó fi ilà mẹ́rin-mẹ́rin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Ẹ̀rọ fi í síbẹ̀, ó gún régé bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Ìyá Àlàmú gba fóònù náà.

“Ọjọ́ kan náà ni olóólà kọ ilà fún àwa méjèèjì. Mò ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó yíjú wò mí, abẹ bá yẹ̀. Ilà ìsàlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wọ́ títí ó fi kú. Torí tèmi ló ṣe wọ́. Èwo ni ìyẹn nínú èyí?”

Ìyá náà dá fóònù padà fún un, ó ní kí Ọláníyì mú òun lọ sí gáréèjì.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tí fọ́tò òbí wọn wà lọ́wọ́ Olúyẹmí wá kó o lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó gbé òmíràn wá. Olúyẹmí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bí Ọláníyì bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, kì í kí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkìlọ̀ rèé. Bí ẹ bá ń kọ ohun tí AI máa ṣe sí fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà: ilà, imú, ọjọ́ orí, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá ẹni náà mọ̀. Ẹ bi ẹni tó ni òkú. Ẹ fi hàn án kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má sì pa ojúlówó rẹ́ láéláé. Ẹ̀rọ kò ní ìyá, kò lè mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.